Alága Ọkọ̀ Afẹ́ àti Àwọn Ẹlẹ́gùúsí

Ẹ fìdí mọ́ ìjókòó yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi la fẹ́ sọ, ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ láìdi nǹkan mú, inú omi ni yóò bá ara rẹ̀.

Lágbègbè wa níbí, láàrin Òsí àti Ìlọ́fà, a kò ní òkun. Ohun tó sún mọ́ òkun jù lọ́dọ̀ wa ni adágún kan tí ìjọba kan gbẹ́, tí ìjọba tó tẹ̀ lé e gbàgbé, tí àwọn ewúrẹ́ àti àwọn afọṣọ sì jogún. Àbàtà-Ńlá là ń pè é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tán, ẹni tó bá ga díẹ̀ lè ká ṣòkòtò sókè kó sì fẹsẹ̀ rìn ín já. Orí omi yìí ni Olóyè Adémọ́lá Lábọ̀dé ti ń ṣe alága.

Alága kí ni? Alága Ìgbìmọ̀ Afẹ́ Orí Omi. Ìgbìmọ̀ náà kò tóbi: òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Prosper ló sì ń gbà pẹ̀lú rẹ̀. Prosper yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í dúró kí ọ̀gá rẹ̀ parí gbólóhùn kó tó sọ pé òótọ́ ni. Bí Alága bá sín, á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Báwo ni ọ̀rọ̀ òkun ṣe wọ inú Alága? Ìjọba ló kó àwọn kan lọ sókè òkun pé kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú omi mímu. Alága wà lára wọn. Nígbà tó dé, kò rántí ohunkóhun nípa omi mímu. Ohun tó rántí ni ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò, ọkọ̀ tó ga bí òkè, tí àwọn olówó ń wọ̀ kiri ojú òkun láìní ibì kan tí wọ́n ń lọ, tí àwọn akọrin, oníjó àti aláwàdà sì ń dá wọn lára yá láti àárọ̀ dalẹ́. Láti ìgbà náà, Alága kò lè mu omi tútù láìsọ pé "nígbà tí mo wà lórí òkun." Bí Joy ìyàwó rẹ̀ bá gbé iyán kalẹ̀, á ní, "Nígbà tí mo wà lórí òkun, a kì í jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ báyìí. Wọ́n á máa kọrin sí i." Joy á ní kó jẹ ẹ́ kó má tutù.

Bí a ṣe di ará òkun nìyẹn. Alága wá ọkọ̀ onípákó fífẹ̀ kan tí wọ́n fi ń kó yanrìn tẹ́lẹ̀, ó kan páànù lé e lórí, ó to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, ó kùn ún ní funfun, ó sọ ọ́ ní Ọlá Òkun. Ọkọ̀ náà lè yí gbogbo Àbàtà-Ńlá po kí ènìyàn tó jẹ àgbàdo sísun kan tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Alága gun orí àpótí kan, ó ká aṣọ sí èjìká, ó wo omi bí ẹni pé òun ló dá a.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ pé ìyà ló ń jẹ yín. Ìyà náà parí lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ibi tí ẹ ti wá, ẹ má sọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ pé etíkun."

"Etíkun ni," Prosper dáhùn.

"Mo mú ìgbì wá fún yín."

"Ìgbì ti dé."

Ewúrẹ́ kan tó ń mumi létí adágún gbórí sókè, ó wò wọ́n díẹ̀, ó sì padà sídìí omi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi yìí ká sọ àṣà kan tó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ohun tó ṣe Alága. Obìnrin ibí kì í lọ síbi tí wọ́n bá ti ń jókòó kó má mú ẹ̀gúsí àìbó dání. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, wáàsí ni, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni, àwo rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n ń sọ bá dùn, ọwọ́ á dúró, ẹ̀gúsí á gbàgbé ara rẹ̀ nínú àwo. Bí kò bá dùn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ káàkiri ilé. Wọn kì í pariwo lé ènìyàn lórí níbí, wọn kì í sì í dìde jáde; ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Wọ́n á kàn máa bó ẹ̀gúsí. Àwọn àlùfáà wa mọ̀ ọ́n. Oníwàásù tó bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á yáa pe ìbùkún sórí ìjọ kó wá ibi jókòó sí.

Alága náà mọ̀ ọ́n rí, nítorí abúlé yìí ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ipò máa ń fọ orí ènìyàn mọ́ bí ẹní fọ ìkòkò.

Níbẹ̀rẹ̀, ká má purọ́, ọkọ̀ náà dùn. Memunat ló ń kọrin níbẹ̀, ọmọ ìdílé oníwákà tí ìyá rẹ̀ ti Ìlọrin wá. Bí Memunat bá la ohùn sókè lórí omi, àwọn tó ń ro oko lápá kejì á fi ọkọ́ tì. Japhet ni aláwàdà. Àgbẹ̀ ni Japhet, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ara gbogbo ènìyàn sínú ara rẹ̀. Bó bá ti rí ọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣe ọ́ ju bí o ṣe lè ṣe ara rẹ lọ. Àwọn ènìyàn ń wá láti Koro, láti Ìdòfin, láti Odò-Ọwá. Àwọn obìnrin á gbé ẹ̀gúsí wọlé, wọ́n á tún gbé e jáde bó ṣe wà. Bàálé ilé kan tiẹ̀ wá fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Alága pé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé, ọbẹ̀ ilé òun kò ní ẹ̀gúsí mọ́. Ká ní Alága gbọ́n, ẹjọ́ yẹn ni ìbá fi ṣe ẹ̀rí níwájú ayé. Ó ní kí ọkùnrin náà lọ máa jẹ ilá.

Ọjọ́ burúkú wá dé. Japhet ṣe àlùfáà tó wá Ìwé Hábákúkù títí tí ìjọ fi sùn. Ó ṣe ìyá arúgbó tó ń bá fóònù jà pé kó jáde síta kó wá sọ̀rọ̀ lójú òun. Lẹ́yìn náà ó ti ikùn síwájú, ó ti orí sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Alága ló rẹ́rìn-ín jù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń gbá Prosper lẹ́yìn. Ìgbà tó nu ojú rẹ̀ ló tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo Japhet mọ́. Òun ni gbogbo ọkọ̀ ń wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òfin jáde. Àwàdà kan kò gbọ́dọ̀ dé etí aráàlú kó má kọ́kọ́ gba iwájú Prosper kọjá.

Japhet mú àwàdà àgbò lọ bá a.

"Àgbò yìí," Prosper ní, "ṣé ó ní ipò kankan?"

"Àgbò ni. Ìwo ló ní."

"Ìwo jọ fìlà olóyè. Yọ ọ́ kúrò."

"Àgbò tí kò níwo?"

"Ìyẹn náà dà bí ẹni tí wọ́n gba fìlà lórí ẹ̀. Yọ àgbò náà."

Japhet mú àwàdà òjò wá. Prosper béèrè ibi tí òjò ti ń wá. Japhet ní òkè ni. Prosper ní ta ló wà lókè ní agbègbè yìí? Òjò náà bá àgbò lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é títí, ohun tó kù tí Japhet lè sọ kò ju èyí lọ: "Ewúrẹ́ kan wà. Ó jẹ koríko." Ó sọ ọ́ lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn dúró de ìyókù. Ìyókù kò sí. Láti ìdí ọkọ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Japhet gbọ́ ọ, ó sì padà sí oko iṣu rẹ̀.

Láìpẹ́, ìrìn àjò mìíràn tún gbé Alága lọ sókè òkun. Ó wá ọkọ̀ ńlá ọjọ́sí rí, ó tún wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Àwọn onílù àti afunfèrè ti lọ; ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ. Obìnrin kan ń la ẹnu sí orin tí kì í ṣe òun ló ń kọ ọ́. Àwọn oníjó ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kù fi ń sáré gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé jáde bí ẹlòmíràn. Aláwàdà ń ta aago ọwọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ ń kùn. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó ti Alága ní òun ti ń wọ ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí ọkọ òun ti wà láyé, pé ohun tí wọ́n ń fún wọn nísinsìnyí, yẹ̀yẹ́ ni. Alága ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ohun tó gbọ́ nínú ara rẹ̀ ni pé ayé ti tún lọ síwájú, Àbàtà-Ńlá kò sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Ó délé, ó pe Memunat.

"Memunat," ó ní, "orin tí ènìyàn ń fi ọ̀nà ọ̀fun kọ ti di ti àtijọ́. Mo dé ibi tí ọ̀làjú wà, mo fojú rí i. A ti ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á máa kọrin, ìwọ á kàn máa la ẹnu."

Memunat wò ó. "Alága, kí n máa la ẹnu, kí n má sọ nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó o lè sinmi."

"Ẹja pọ̀ nínú omi yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba owó oṣù. Ẹ gba ẹja."

"O ò mọ ohun tí ò ń sọ. Lórí òkun..."

"Alága, mo mọ̀ pé ẹ dé orí òkun. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó kú lọ́dún tó kọjá náà gbọ́ kó tó kú." Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí ó ní ẹ̀kọ́, ó sì gba ilé lọ.

Báyìí ni ẹ̀rọ jókòó sórí ọkọ̀. Orin kan náà ló ń kọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wúkọ́, orin náà á wúkọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Alága tún gbé ìdíje ìmọ̀ kalẹ̀, nítorí ó rí i níbẹ̀ náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló mú òkun wá sí agbègbè wa? Ìbéèrè kejì ni: kí ni aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó mú un wá? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba abọ́ ike ńlá kan tí wọ́n tẹ àwòrán Alága sí nídìí nínú, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń jìjàdù abọ́ yìí. Ìdí ni pé ó fẹ̀, ó sì gba ẹ̀gúsí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo obìnrin tó wà lọ́kọ̀ ló ń da èèpo sí Alága lójú.

Èyí tó wá borí gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n pè ní Wákàtí Alága. Olóyè fúnra rẹ̀ á gun orí àpótí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìrìn àjò rẹ̀: bí òkun ṣe rí, bí ibùsùn ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó bá a dá ègbè àfi Prosper. Ẹ ó rò pé ọkọ̀ á ṣófo. Rárá o. Ọkọ̀ kún ju ti ìgbà Memunat lọ. Wọ́n ń wá láti Ìdòfin pẹ̀lú odidi àpò. Wọ́n ń fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ara wa. Kò sí ibi tó dára fún ẹ̀gúsí bíbó tó ọkọ̀ yẹn. Òrùlé wà. Atẹ́gùn orí omi ń fẹ́ èèpo lọ fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ tó máa pè ọ́ pé omi ìwẹ̀ òun dà. Ohùn Alága pàápàá wúlò. Kì í ga, kì í rẹlẹ̀, ó ń lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta, ọwọ́ sì máa ń bá a rìn. Ìyá Ẹ̀bùnolúwa, tí gbogbo àwọn ẹlẹ́gùúsí gbà ní olórí, tí a ń pè ní Ìyá Ẹ̀bùn, sọ ọ́ fún wọn: "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá bàbá yìí dúró. Nígbà tó sọ ti búrẹ́dì lánàá, àpò mi tán."

Alága wo gbogbo èyí láti orí àpótí rẹ̀. Ohun tó rí ni orí obìnrin rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

"Prosper," ó ní, "kí ni wọ́n ń kó wá nínú àpò wọ̀nyẹn?"

"Ẹ̀gúsí ni, Bàbá."

"Ẹ̀gúsí. Kí ló dé?"

Prosper ronú. Irú ìṣẹ́jú báyìí ló fi ń jẹun. "Bàbá, ìfẹ́ ni. Obìnrin tó níṣẹ́ nílé, tí kò lè fi yín sílẹ̀, tó wá gbé iṣẹ́ náà tọ̀ yín wá. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tẹrí ba látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Omi lé ròrò lójú Alága. Ó tún bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni ìròyìn dé pé wọ́n ń wá Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Afẹ́ ní Ìlọrin, fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ipò yìí ní ilé, ó ní mọ́tò, mọ́tò náà sì ní fèrè tó ń lé ènìyàn kúrò lọ́nà. Alága ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá wo bí èrò ṣe ń ya sọ́dọ̀ òun. Wọ́n fèsì pé Alhaja Saadat Bẹ̀llò ń bọ̀ wá fojú rí i, pé ohun tó bá sọ ni wọn yóò ṣe.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún Alága kì í ṣe kékeré. Àsìkò ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ń parí lọ. Bí kò bá rí ipò yìí gbà, bí ọdún bá ti yí, ó di Bàbá Lábọ̀dé lásán nìyẹn, tí ewúrẹ́ á máa dúró de kó yà fún òun. Ó sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó ti dá agbádá ìbúra. Ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀. Ó ti ṣe ìdúpẹ́ ipò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má bàa rò pé òun kò moore. Joy ní, "Bàbá Favour, wọn ò tíì fún yín." Ó ní kí Joy máa pe òun ní Olùdámọ̀ràn láti ìsinsìnyí, kí etí òun lè mọ́ ọn lára.

Bí nǹkan bá dúró báyìí, ó ṣeé ṣe kó gba ipò náà. Àlejò á dé, á bá ọkọ̀ tó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìdí rẹ̀ á ṣòro rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn ti wọ̀ lára, tó bá ti rí orí tó tẹ̀, á tún máa wá àtẹ́wọ́ kún un.

"Prosper," Alága ní, "n kò fẹ́ rí ẹ̀gúsí kankan lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí kò lè pàtẹ́wọ́."

"Kò lè pa á láéláé, Bàbá."

Prosper lọ sílé Ìyá Ẹ̀bùn.

"Alága ní kí gbogbo yín wá lọ́la," ó ní, "àmọ́ kí ẹ fi ẹ̀gúsí sílé."

"Ká wá ṣe kí ni?"

"Kí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ orí òkun yẹn?"

"Òun ni, Mà."

"Láìsí ẹ̀gúsí lọ́wọ́?"

"Láìsí."

Ìyá Ẹ̀bùn gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbé iná mì. "Prosper, ìwọ ọmọ yìí, kí la fi ṣẹ̀ yín ní ìlú yìí?"

Prosper padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ, pé orí wọn wú.

Òjò ti bá ọ̀nà Odò-Ọwá jẹ́, nítorí náà nígbà tí Alhaja Saadat dé, ẹrẹ̀ dé ọrùn mọ́tò rẹ̀. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé báàgì òun. Alága pàdé rẹ̀ nínú agbádá tó dúró fúnra rẹ̀ bí àgọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ kí i láti etí omi títí wọ́n fi wọ ọkọ̀: ó pè é ní Ìràwọ̀ Ìlọrin, Ọ̀sán Tó Mọ́lẹ̀ Lóru, Ìyá Gbogbo Afẹ́. Alhaja ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Alága." Ó wọlé. Ó wò yíká.

Kò sí ènìyàn kan nínú ọkọ̀.

"Wọ́n ń bọ̀," Alága ní.

"Wọ́n ti wà lọ́nà," Prosper ní.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó kọ orin rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún un kọ. Bó ti parí, àtẹ́wọ́ ńlá dún jáde, wàràwàrà, bíi ti odidi ìlú. Alhaja bojú wẹ̀yìn.

"Alága, ta ló ń pa àtẹ́wọ́ yẹn?"

"Àwọn aráàlú ni, Alhaja."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Alága wo Prosper. Prosper wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Inú ẹ̀rọ ni, Mà," ó ní. "A gbà á sílẹ̀ de ọjọ́ òní."

Bí Prosper ti sọ̀rọ̀ tán ni ẹ̀rín kan gba orí omi wá, ẹ̀rín gidi, irú èyí tó ń ti ikùn wá. Ó tún dún. Ohùn obìnrin kan wá gòkè lẹ́yìn rẹ̀, ó nà, ó rọra tẹ̀, Alhaja sì fi ọwọ́ di igi òrùlé mú.

"Ìyẹn ńkọ́? Ẹ̀rọ náà ni?"

"Àwọn aláìníṣẹ́ kan ni, Alhaja. Ẹ má dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo wà lórí òkun..."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n wa ọkọ̀ síbẹ̀."

Abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan ni, létí omi níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Àwọn ẹlẹ́gùúsí tí wọ́n lé lọ́kọ̀ ti tẹ́ ẹní wọn síbẹ̀ láti àárọ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí Wákàtí Alága tó máa bá wọn ti iṣẹ́ síwájú, wọ́n ní kí Memunat wá kọrin sí i. Ẹni tó lọ pè é pàdé Japhet lọ́nà oko, ó sì mú òun náà bọ̀. Àṣìṣe gbáà ni, tí a bá ní ká wo ti ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí kan kò tíì kúrò nínú èèpo rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dé.

"Memunat, sinmi díẹ̀ jàre," Ìyá Ẹ̀bùn ń bẹ̀ ẹ́. "Ọbẹ̀ alẹ́ ni mo fẹ́ fi èyí sè."

"Mo ti sinmi. Japhet ló kù."

"Japhet ló burú jù."

Wọ́n rí àlejò, wọ́n kí i, wọ́n yí abọ́ ike kan dojú délẹ̀ fún un. Kó tó jókòó, Alhaja ṣí i wò. Ó rí Alága nídìí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè wo Alága tó dúró lójúkorojú, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó yí abọ́ náà padà, ó jókòó lé e. "Ẹ má dá eré dúró nítorí mi," ó ní. "Ìyá mi ló ń wá ra ẹ̀gúsí ní Koro nígbà ayé wọn. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti mọ ọ̀nà yìí."

Japhet bá eré lọ. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń wúkọ́. Ó ṣe Prosper tó ń gba ìwo lórí àgbò. Lẹ́yìn náà ó ti ikùn síwájú, ó ti orí sẹ́yìn, pẹ́pẹ́yẹ ọjọ́sí sì tún rìn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó wà lórí òkun, ó ń sọ fún ìgbì pé kó dìde kí òun. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sí èjìká.

Prosper ti wà lẹ́yìn Alhaja ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fi agboòrùn Alága ṣíji bò ó. A kò rí ìgbà tó kọjá síbẹ̀.

Alága kò lè fara dà á mọ́. Mọ́tò onífèrè ń lọ lójú rẹ̀. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó gbé ọwọ́ agbádá sókè, ó sì fi ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀.

"Alhaja ọlọ́lá jù lọ, ẹ̀yin ará etíkun. Ohun tí ẹ rí yìí kì í ṣe afẹ́. Afẹ́ ní òfin, afẹ́ ní ọ̀làjú. Mo ti dé ibi tí afẹ́ ti ń wá. Nígbà tí mo wà lórí òkun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé búrẹ́dì kan wá..."

Kò sẹ́ni tó pariwo lé e lórí. Kò sẹ́ni tó dìde. Memunat fà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Japhet jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ìyá Ẹ̀bùn fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọwọ́ abẹ́ igi náà sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí òjò kékeré lórí ewé gbígbẹ.

Alága ń sọ ọ́ lọ, ó ti dé ibi bọ́tà, nígbà tó rí ọwọ́ Alhaja Saadat. Ó rọra na ọwọ́ náà sínú abọ́ Ìyá Ẹ̀bùn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí kan, ó dà á sórí itan. Ó mú ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ létí, ó bó o, ó ju èèpo síta. Ó mú òmíràn.

Ìgbà yẹn ni orí Alága tún padà sí abúlé tí wọ́n bí i sí. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń rò pé wọ́n ń tẹrí ba fún òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú rẹ̀, pẹ̀lú àpò wọn, láti Ìdòfin títí dé Odò-Ọwá. Ó dá ọ̀rọ̀ búrẹ́dì dúró.

"Alhaja," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ènìyàn lásán, "ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọ̀rọ̀ ipò yẹn..."

"Mò ń gbọ́ yín, Alága." Alhaja kò gbórí sókè. "Ipò yẹn ti bọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹ máa bá ti búrẹ́dì yẹn lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó kù díẹ̀ ká bó eléyìí tán."

Gbogbo obìnrin náà gbójú sí i, wọ́n dúró dè é, pẹ̀lú ẹ̀gúsí ní ìka. Alága tún ọwọ́ agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó wo omi, ó sì bá a lọ.